Kí Aláìṣẹ̀ Lè Sùn

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n máa ń pe èèyàn síwájú ìjọ fún. Mo ti dìde dúpẹ́ ìwòsàn rí, mo ti dúpẹ́ ọmọ, mo ti dúpẹ́ àlọ àti àbọ̀ ìrìn àjò, ṣùgbọ́n mi ò tíì dìde láti sọ oore tí ìwé ìtàn ìpànìyàn ṣe mí. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n mọ̀ mí sí ládùúgbò wa, ìyá ìjọ ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá wọ yàrá mi nìkan ló mọ̀ pé ìwé mìíràn kì í wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì tó wà lórí tábìlì mi, ìwé tó jẹ́ pé ẹnì kan á ti kú nínú rẹ̀ kí èèyàn tó ka orí kejì tán. Mo fẹ́ràn àwọn ìwé náà tọkàntọkàn. Wọ́n ti tù mí nínú, wọ́n sì ti tún ìwà mi ṣe. Ohun tó bá ṣe èèyàn lóore tó báyìí, ó yẹ kó ní ẹlẹ́rìí.

Kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn láti ojú ewé kìn-ín-ní dé òpin ni mò ń sọ. Nínú irú tèmi, ẹnì kan kú lóòótọ́, àmọ́ kì í sábà kú lójú wa. A kàn gbọ́ pé wọ́n bá òkú nínú yàrá ìkàwé tàbí nínú ọgbà ni. Ìlú kékeré ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń ṣẹlẹ̀, níbi tí onílé ti mọ onílé. Ẹni tó máa ń tú àṣírí kì í sì í ṣe ọlọ́pàá. Ó lè jẹ́ ìyá arúgbó, ó lè jẹ́ àlùfáà, ó lè jẹ́ olùkọ́. Kò ní ìbọn, kò ní àṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀, etí rẹ̀ àti sùúrù rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìwé bá máa fi parí, a ó ti mọ ẹni tó ṣe é, a ó mọ bó ṣe ṣe é, a ó sì mọ ohun tó sún un dé ibẹ̀.

Èdè Yorùbá ni mo fi kọ́kọ́ tọ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wò, nílé ẹ̀kọ́ girama. Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969 ló kọ́kọ́ kó sí mi lọ́wọ́, níbi tí Lápàdé, tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ti ń lépa àwọn ọ̀daràn. Lẹ́yìn náà ni mo ka Owó Ẹ̀jẹ̀ ti Kọ́lá Akínlàdé, tó jáde ní 1976. Àwọn ìwé wọ̀nyẹn gbóná. Ìlépa àti ìjà pọ̀ nínú wọn, mo sì jẹ wọ́n bí iṣu titun. Àmọ́ nígbà tí mo di nọ́ọ̀sì ni mo bá irú tó di tèmi pàdé: A Murder Is Announced, tí Agatha Christie kọ, tó jáde ní 1950. Ìwé àlòkù ni mo rà á, lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n pè ní Chipping Cleghorn, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọmọ tó ń pín ìwé ìròyìn gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kiri ojúlé. Oníkálukú wà nídìí oúnjẹ àárọ̀ nígbà tí ojú wọn bọ́ sórí ìkéde kan láàárín àwọn ìkéde kéékèèké: ìpànìyàn yóò wáyé lónìí, ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, ní ilé tí wọ́n ń pè ní Little Paddocks, ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n rò pé eré kan ni onílé fẹ́ ṣe fún àlejò. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkálukú pẹ̀lú àwáwí tirẹ̀, pé òun kàn ń kọjá lọ ni, òun ní kí òun yà kí wọn. Agogo lù. Iná kú. Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú, ó ní kí wọ́n káwọ́ sókè, ìbọn sì dún. Nígbà tí wọ́n máa fi rí iná tàn, ọkùnrin kan tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ti kú sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán létí ìyá tó ni ilé.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe lásìkò yẹn. Tí a bá ti fún àwọn aláìsàn lóògùn, tí wọ́ọ̀dù ti pa lọ́lọ́, èmi àti àbúrò mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ a máa ka ìwé náà pọ̀ nídìí tábìlì. Ìgbà tí a máa dé ìparí, a rí i pé wọ́n ti ya àwọn ewé tó kẹ́yìn. Ibi tí gbogbo àṣírí ti máa tú gan-an ló lọ. Kí a tó rí òmíràn rà, àríyànjiyàn la fi ń lé oorun lọ.

"Àǹtí, èmi ti mọ̀ ọ́n o," ni àbúrò mi wí lálẹ́ ọjọ́ kan. "Ọmọbìnrin tó ń se oúnjẹ fún wọn yẹn ni. Mitzi."

"Kí lo rí tó o fi mú un?"

"Ó ń purọ́, Àǹtí. Ẹ ò rí bó ṣe máa ń pariwo ni? Kò sì sẹ́ni tó mọ ìdílé ẹ̀. Ogun ló lé e débẹ̀."

"Torí pé ó jẹ́ àlejò, ìyẹn ni?"

Ó rò ó díẹ̀. "Àǹtí, gbogbo wọn náà ṣáà ló ń wò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí pé mo ti rí ẹni tí gbogbo èèyàn ń wò rí.

Aṣọ ni ìyá mi ń tà ní ọjà Gbági. Mo ṣì kéré nígbà tí ìdì léèsì kan di àwátì ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọn ò já ilẹ̀kùn, wọn ò sì fọ́ àgádágodo. Ojú gbogbo ayé lọ sára ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ọjà lọ́dọ̀ ìyá mi, nítorí pé òun nìkan ni kì í ṣe ẹbí, ọ̀nà jíjìn ló sì ti wá. Kò sẹ́ni tó pè é lólè. Bí wọ́n bá pè é, ì bá rí nǹkan fi dáhùn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé tó bá ti ń bọ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà á rọra ti àpò owó wọn sábẹ́ itan. Tó bá fẹ́ gbé aṣọ fún oníbàárà, ẹnì kan á ní kó jókòó, òun á gbé e. Mo máa ń rí i tó ń dá jẹun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi kò lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ láì parí ohun tó wá kọ́. Títí tí ìyá mi fi jáde láyé, a ò mọ ẹni tó gbé léèsì náà. Ó lè jẹ́ òun. Ó lè máà jẹ́ òun. Kì í ṣe owó tó bá léèsì lọ ló ń dun ìyá mi nígbà tó dàgbà, ìbéèrè kan ni. Wọ́n á kàn dédé sọ ọ́ níbi tí wọ́n bá jókòó sí: "Tí kì í bá ṣe ọmọ yẹn ńkọ́?"

Ẹni tí kò ka ìwé wọ̀nyí rí lè rò pé mímú apànìyàn ló ń dùn mọ́ àwa tí à ń kà wọ́n. Ní tèmi, ìyẹn kọ́ ni olórí adùn wọn. Adùn tó ga jù ni pé lọ́jọ́ tí ìka bá dúró sórí ẹni tó jẹ̀bi, ó ti kúrò lára gbogbo àwọn yòókù. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń wò lẹ́sẹ̀ á gbé orí rẹ̀ sókè. Ọkọ tó ń fura sí ìyàwó rẹ̀ á lè sún mọ́ ọn. Aládùúgbò á tún lè kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Ìwé tí wọ́n fi ikú bẹ̀rẹ̀ á wá parí pẹ̀lú ìlú tó tún lè sùn. N kò rí ìyẹn ní Gbági. Inú ìwé ni mo ti rí i, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn dé egungun.

Agatha Christie mọ èyí dájúdájú. Nínú The Thirteen Problems, àkójọ ìtàn kéékèèké rẹ̀ tó jáde ní 1932, ìtàn kan wà tó pe orúkọ rẹ̀ ní "The Four Suspects". Bàbá kan kú nínú ilé tí èèyàn mẹ́rin ti ń bá a gbé, ó sì dájú pé ọ̀kan nínú wọn mọwọ́ ikú náà. Sir Henry Clithering, tó ti jẹ́ ọ̀gá ní Scotland Yard, ló ń sọ ìtàn náà. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni àwọn mẹ́ta tí ọwọ́ wọn mọ́: tí òtítọ́ ò bá jáde, ìfura á máa tẹ̀ lé wọn títí wọ́n á fi kú. Ní 1958, Christie fi odidi ìwé kan, Ordeal by Innocence, rò ó tán. Ọmọ kan ti kú sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n ní ó pa ìyá tó gbà á tọ́. Àjèjì kan wá dé, ó jẹ́rìí pé kò lè jẹ́ ọmọ náà. Kàkà kí inú ẹbí dùn, jìnnìjìnnì bò wọ́n. Bí kì í bá ṣe òun, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni, wọ́n sì jọ wà nídìí tábìlì kan náà.

Ẹni tó mú mi nífẹ̀ẹ́ ìwé Christie jù lọ ni Miss Marple. Inú ìtàn kékeré kan, "The Tuesday Night Club", ni ó ti kọ́kọ́ yọjú nínú ìwé ìròyìn ní 1927. Ní 1930 ó ní ìwé odidi tirẹ̀, The Murder at the Vicarage. Ìwé odidi méjìlá ni Christie kọ nípa rẹ̀. Ìyá arúgbó tí kò lọ́kọ rí ni, ó ń gbé ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní St Mary Mead, ó ń hun aṣọ òtútù, ó ń tọ́jú òdòdó. Nínú ìtàn àkọ́kọ́ yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó sí pálọ̀ rẹ̀: òǹkọ̀wé, ayàwòrán, àlùfáà, lọ́yà, àti Sir Henry. Wọ́n ní kí àwọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí olúkálukú máa sọ ìtàn ọ̀ràn kan tí òun nìkan mọ bó ṣe parí. Wọ́n ka ara wọn, wọ́n sì gbàgbé ẹni tó ni ilé. Òun ló fi ẹ̀rín rán wọn létí pé òun náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì parí ọ̀rọ̀, tí gbogbo wọn ti wí tiwọn, òun nìkan ló mọ ìdáhùn.

Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Miss Marple kì í sá, kì í lé ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá sọ ìwà ẹnì kan fún un, á rántí ẹnì kan ní abúlé rẹ̀ tó hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ tó ń gbé ẹja kiri tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó ń mú irọ́ dùn. Ó gbà pé ìwà èèyàn kan náà ni, ì báà jẹ́ ní ààfin, ì báà jẹ́ ní ahéré. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kì í dúró lórí pé "ó jọ èyí". Á wádìí. Á béèrè aago tí nǹkan ṣẹlẹ̀, á béèrè ẹni tó dúró níbo, á béèrè ohun tí ojú rí gan-an yàtọ̀ sí ohun tí ọkàn rò pé òun rí. Ní wọ́ọ̀dù wa, ìyá tó ń nu ilẹ̀ ló máa ń sọ fún wa pé aláìsàn kan ti ń da oúnjẹ rẹ̀ nù, tàbí pé ẹnì kan ń sunkún lóru. Dókítà kì í bi í, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì kì í kí i. Lẹ́yìn tí mo ti mọ Miss Marple, mo kọ́ láti máa jókòó tì í kí n tó gba iṣẹ́ lówùúrọ̀, kí n bi í pé, "Ìyá, kí lẹ rí?"

Ohun mìíràn tún wà tó fa èmi tí mo fi oògùn ṣiṣẹ́ mọ́ra. Lákòókò Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, Christie tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Torquay, ìlú tí wọ́n bí i sí ní 1890. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí yàrá oògùn, ibẹ̀ ló sì ti mọ májèlé. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, The Mysterious Affair at Styles, tó jáde ní 1920, dá lórí májèlé, ìwé ìròyìn àwọn apòògùn, The Pharmaceutical Journal, sì yìn ín pé ó mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tí mo ka ibi tí wọ́n ti ń ro bí oògùn ṣe rí nínú ìgò, mo dìde lórí àga. Ẹni tó ti po oògùn rí ló kọ ọ́, ó sì hàn.

Mo tún fẹ́ràn pé àwọn ìwé wọ̀nyí kì í rẹ́ òǹkàwé jẹ. Ní 1929, Ronald Knox, tó jẹ́ àlùfáà Kátólíìkì, tó sì ń kọ irú ìwé yìí, to òfin mẹ́wàá kalẹ̀: kò gbọ́dọ̀ sí iwin tó máa tú ọ̀ràn, kò gbọ́dọ̀ sí májèlé tí ayé kò mọ̀, gbogbo àmì tí olùwádìí bá rí, òǹkàwé gbọ́dọ̀ rí i. Ní 1930, àwọn òǹkọ̀wé dá Detection Club sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń búra pé àwọn á ṣe òótọ́ sí òǹkàwé. Èyí ló fà á tí mo fi lè tún ìwé kan kà. Nígbà àkọ́kọ́, mo ń wá apànìyàn. Nígbà kejì, mo ń wo bí òtítọ́ ṣe wà níwájú mi láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú ìgò òdòdó, nínú lẹ́tà, nínú ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan ṣì sọ, tí mo kọjá lára rẹ̀.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa bi mí nígbà kan pé, "Ìyá wa, kí ni ọmọ Ọlọ́run ń wá nínú ìwé apànìyàn?" Mo ní kó bá mi ṣí Bíbélì àwọn Kátólíìkì, Ìwé Dáníẹ́lì, orí 13. Àgbà méjì tó jẹ́ onídàájọ́ purọ́ mọ́ Sùsánà, ìjọ gbà wọ́n gbọ́ torí ipò wọn, wọ́n sì ń mú un lọ síbi tí wọ́n á ti pa á. Dáníẹ́lì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní oyè kankan, ní kí wọ́n ya àwọn àgbà náà sọ́tọ̀. Ó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, lábẹ́ igi wo ni ẹ ti rí i? Ẹni àkọ́kọ́ dárúkọ igi kan, ẹnì kejì dárúkọ òmíràn. Sùsánà bọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo, tí ẹni tí kò sí nípò béèrè, ló gba ẹ̀mí là. Arábìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀kejì níwájú mi.

Mo tún sọ fún un nípa Father Brown, àlùfáà kúkúrú pẹ̀lú agbòjò ńlá, tí G.K. Chesterton kó ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ jọ sínú The Innocence of Father Brown ní 1911. Ibi tó ti ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló ti mọ bí ọkàn èèyàn ṣe jìn tó. Olè ni Flambeau nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Àlùfáà yìí ń wá ìrònúpìwàdà rẹ̀ ju ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lọ, Flambeau sì padà di ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wádìí ọ̀ràn.

Mo wá yá a ní ti ilẹ̀ Áfíríkà, The No. 1 Ladies' Detective Agency, tí Alexander McCall Smith gbé jáde ní 1998. Precious Ramotswe, ní Gaborone ní Botswana, ta màlúù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó fi owó rẹ̀ ṣí ọ́fíìsì ìwádìí. Kò ṣe ọlọ́pàá rí. Obìnrin kan mú ẹjọ́ wá: ọkùnrin kan dé lójijì, ó ní òun ni bàbá rẹ̀ tó ti sọnù tipẹ́, ó ń jẹ, ó ń mu lọ́fẹ̀ẹ́. Ramotswe wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ó lọ bá ọkùnrin náà, ó ní ọmọ rẹ̀ ti fara pa, ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ nìkan ló lè gbà á là, ẹ̀jẹ̀ náà sì máa pọ̀ débi pé bàbá lè kú. Ojú ẹsẹ̀ ló jẹ́wọ́ pé òun kọ́ ni bàbá rẹ̀. Ọgbọ́n Sólómọ́nì ni, tí obìnrin kan ní Gaborone fi aṣọ funfun gbé wọ̀. Nínú ẹjọ́ yìí, kò sí òkú, kò sí ìbọn, àmọ́ mi ò lè gbé ìwé náà sílẹ̀.

Ẹ̀rí tí kò bá ní èso, àròyé lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ èso tèmi. Ẹgbẹ́ obìnrin wa dá owó aṣọ ẹbí, owó náà sì dín. Kí a tó wí kí a tó fọ̀, ìkùnsínú ti bẹ̀rẹ̀ nípa akápò. Mo rí ojú tí wọ́n fi ń wò ó, mo sì mọ ojú yẹn. Mo dìde, mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ohunkóhun títí a ó fi ka ìwé owó sókè, orúkọ lẹ́yìn orúkọ, ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́, kí olúkálukú dáhùn sí tirẹ̀. Nígbà tí a dé orí "Ìyá Ìbejì, ó san án tán," èèyàn méjì ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Ìbejì méjì ló wà nínú ẹgbẹ́ wa. Ọ̀kan ti san, èkejì kò tíì san, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n sì kọ fún àwọn méjèèjì. Kò sí olè láàárín wa. Akápò fi ìborùn nu ojú, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ wá The Thirteen Problems. Ìtàn kúkúrú ni, ẹ lè ka ọ̀kan kí ẹ tó sùn. Ẹ wá ẹnì kan bá kà á, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí ẹ fura sí kí ẹ tó ṣí ibi tó parí, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Tí ìdí yín bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ ò tẹ́ yín lọ́rùn, tàbí pé àlejò ni, ẹ padà síbẹ̀rẹ̀ kí ẹ tún un kà. Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ìwé, ẹ ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lórí èèyàn, ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ á sì bọ́ lọ́wọ́ ojú wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ojú tí mo fi ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kọ wọ́n, mo sì ń kà wọ́n lọ.